Ìlù Jáàsì Àtijọ́: Bí A Ṣe Ń Mọ Èyí Tó Ṣì Le àti Èyí Tó Jẹ́ Ojúlówó

Ìbéèrè méjì ni ẹni tó bá fẹ́ ra ìlù jáàsì àtijọ́ gbọ́dọ̀ dáhùn. Èkíní: ṣé ara ìlù náà ṣì le? Èkejì: ṣé bó ṣe jáde ní ilé-iṣẹ́ ló ṣì wà? Ìlù kan lè jẹ́ ojúlówó látòkè délẹ̀, kí igi rẹ̀ sì ti wọ́, kí ike tó bò ó sì ti sán. Òmíràn lè máa dún gbì-gbì, kó máa dán gbinrin, síbẹ̀ kó jẹ́ pé irin tí wọ́n tú lára ìlù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n kó jọ sára rẹ̀. Onílù tó fẹ́ máa gbé e lọ sóde lè fara mọ́ èyí èkejì, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kó ohun àtijọ́ jọ kò ní gbà á. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò tó péye fi máa ń ya ìlera ìlù sọ́tọ̀ kúrò lára ojúlówó rẹ̀, kó tó pa méjèèjì pọ̀ sí ìdájọ́ kan.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń tà ní ìlù jáàsì àtijọ́ ni wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà láàárín nǹkan bí ọdún 1935 sí 1970. Ìlù béèsì kan wà níbẹ̀ tí a ń fi ẹsẹ̀ lù, ìlù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní tom wà lórí rẹ̀, tom ńlá kan fi ẹsẹ̀ mẹ́ta dúró nílẹ̀, snare, ìlù tó ní wáyà nídìí, wà níwájú onílù, kíńbálì sì yí wọn ká. Nígbà tí ẹgbẹ́ olórin ńláńlá gbòde, ìlù béèsì tó fẹ̀ tó ínṣì 26 wọ́pọ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, jáàsì bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ oníènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún tó ń ṣeré ní gbọ̀ngàn tóóró, ìlù náà sì kéré sí i: béèsì di ínṣì 20, lẹ́yìn náà 18, tom òkè di 12, tom ilẹ̀ di 14. Irú ìlù kékeré olóhùn gbígbẹ bẹ́ẹ̀ ni a ń gbọ́ lọ́wọ́ àwọn onílù jáàsì bí Elvin Jones àti Tony Williams. Ọwọ́ àwọn onílù jáàsì Art Blakey àti Max Roach ni Tony Allen, onílù tí wọ́n bí ní Èkó ní ọdún 1940, ń tẹ́tí sí nígbà tó ń kọ́ ìlù, kó tó di pé òun àti Fela dá Afrobeat sílẹ̀.

Àyẹ̀wò kò ṣeé ṣe láìmọ ìtàn àwọn ilé-iṣẹ́ tó ṣe ìlù wọ̀nyí, nítorí bí ilé-iṣẹ́ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn tàbí tó kúrò ní ìlú kan sí òmíràn, igi, irin tàbí báàjì rẹ̀ sábà máa ń yí padà. Friedrich Gretsch, ará Jámánì tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, ló dá Gretsch sílẹ̀ ní Brooklyn ní ọdún 1883. Ilé-iṣẹ́ Baldwin rà á ní ọdún 1967, nígbà tó sì tó nǹkan bí ọdún 1970, iṣẹ́ ìlù ti kúrò ní Brooklyn lọ sí ìpínlẹ̀ Arkansas. Ìtàn Ludwig lọ́ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdílé Ludwig bẹ̀rẹ̀ ní Chicago ní ọdún 1909, wọ́n ta ilé-iṣẹ́ náà fún Conn lẹ́yìn ogún ọdún, William F. Ludwig sì dá òmíràn sílẹ̀ ní ọdún 1937 tó pè ní WFL. Ọdún 1955 ló tó ra orúkọ Ludwig padà. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní Ludwig ti Chicago ni ìlù òun, tó sì ní ọdún 1948 ni wọ́n ṣe é, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ta kora. Conn ló ń lo orúkọ Ludwig nígbà náà, ìlú Elkhart ní Indiana sì ni wọ́n ti ń ṣe é. Ti Slingerland rọrùn díẹ̀: Chicago ni báàjì rẹ̀ ń sọ títí di nǹkan bí ọdún 1960, lẹ́yìn náà ó di Niles, ìlú kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chicago. Rogers wà ní Covington ní Ohio kí ilé-iṣẹ́ CBS tó rà á ní ọdún 1966, tó sì kó o lọ sí California.

Inú ìlù ni àyẹ̀wò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fi ìlù tanni jẹ sábà máa ń tún ìta rẹ̀ ṣe, kì í fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kan inú. A ó fi kọ́kọ́rọ́ ìlù tú bóòtù, a ó ṣí awọ kúrò, a ó sì tan tọ́ọ̀ṣì sínú. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ká wò ni bí wọ́n ṣe ṣe igi náà. Ludwig ti àwọn ọdún 1960 jẹ́ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, pẹ̀lú òrùka igi kan lókè àti òmíràn nísàlẹ̀ tó ń fún un lágbára. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí títí di ọdún 1976 tí wọ́n fi pákó mẹ́fà rọ́pò rẹ̀. Gretsch ti àkókò kan náà jẹ́ pákó mẹ́fà, kò ní òrùka rárá, ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà ni wọ́n sì fi kun inú rẹ̀. Ti Gretsch tó ṣáájú òpin àwọn ọdún 1950 jẹ́ pákó mẹ́ta. Snare Radio King ti Slingerland, tí onílù Gene Krupa sọ di olókìkí, yàtọ̀ sí gbogbo ìyẹn: pákó maple kan ṣoṣo ni wọ́n fi ooru omi tẹ̀ yípo tí orí fi pàdé ìdí.

Ọ̀dà inú ìlù máa ń sọ ọjọ́ orí. Inú Ludwig funfun ní ìparí àwọn ọdún 1950, ó di eérú tó ní tóótòòtó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nígbà tó sì kù díẹ̀ kí àwọn ọdún náà parí, wọ́n fi í sílẹ̀ bí igi lásán pẹ̀lú fáníìṣì. Inú tí wọ́n fi yánpépà ha títí tó fi dán ti pàdánù ẹ̀rí yìí. Bí ọ̀dà fàdákà bá yọ lọ́tun nínú Gretsch tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tàbí tó bá ṣàn bo ihò àti orí ìdè, ó yẹ kéèyàn béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi pa mọ́.

Lẹ́yìn èyí ló kan bí igi ṣe le tó. Àtè tó so pákó pọ̀ lè gbẹ kó sì jẹ́ kí wọ́n ṣí kúrò lára ara wọn, pàápàá níbi tí orí pákó ti pàdé ìdí rẹ̀ àti ní etí òrùka. A ó fi ìka kan igi náà kiri. Níbi tí àtè bá ti tú, ohùn rẹ̀ máa ń ṣófo, ó sì lè máa gbọ̀n. Àbàwọ́n omi nísàlẹ̀ tom ilẹ̀ ń fi hàn pé ilé olómi ni wọ́n ti gbé e pa mọ́. Kí a tó mọ̀ bóyá igi ṣì ṣe rogodo, a ó fi tépù wọn ìbú rẹ̀ lọ́nà mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ fẹ́ẹ́fẹ́ kò burú, ṣùgbọ́n tó bá tó ìdá kan nínú mẹ́jọ ínṣì, ìlù náà kò ní jókòó dáadáa lábẹ́ awọ. Awọ tuntun náà jẹ́ ẹlẹ́rìí: bó bá jókòó wọ́ọ́rọ́ tó sì ń yí láìkọ́, igi ṣì pé. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Awọ ọmọ màlúù ni wọ́n ń lò kí Remo Belli tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta awọ oníke ní ọdún 1957, onílù ló sì ń fi ọwọ́ ta awọ màlúù sára òrùka rẹ̀. Nítorí náà, igi àwọn ìlù tó ṣáájú ìgbà náà lè fẹ̀ díẹ̀ ju ìwọ̀n ti òde òní lọ. Bí awọ oníke bá há mọ́ irú ìlù bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àbùkù.

Etí igi, níbi tí awọ jókòó lé, ló ń pinnu ohùn ju ohunkóhun mìíràn lọ. A ó dojú igi bo dígí tó tẹ́jú, a ó fi tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀ nínú yàrá tó ṣókùnkùn, a ó sì wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ. Etí àtijọ́ sábà máa ń rọ̀, ó sì ń dà bọ̀bọ̀. Ti Gretsch ti àwọn ọdún 1960 dà ní ìwọ̀n 30 díígíríì, ìyẹn sì wà lára ohun tó fún un ní ohùn gbígbẹ tí àwọn onílù ń wá. Etí mímú ṣaṣa tí ẹ̀rọ òde òní gé lè mú kí ìlù rọrùn láti tò, ṣùgbọ́n ohùn àkọ́kọ́ ti lọ nìyẹn, kò sì ṣeé dá padà. Ó dára ká wò bóyá àwọ̀ etí náà bá ti inú mu: igi tó mọ́ fónífóní lẹ́gbẹ̀ẹ́ inú tó ti dúdú ń sọ pé wọ́n ti gé e láìpẹ́. Wíwọn gíga igi tún ń fi hàn bóyá wọ́n ti gé ìlù kúrú.

Ihò ni ọ̀pọ̀ ìlù fi ń tú ara wọn fó. Onílù ìgbà náà kì í ka ìlù sí ohun ìṣúra, ohun èlò iṣẹ́ ni lọ́wọ́ wọn. Bí irin tó gbé tom dúró kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn a lu ihò tuntun, wọn a fi ti ilé-iṣẹ́ mìíràn sí i. Ihò mélòó ni ó yẹ kó wà? Ìwé ìpolówó ọjà tí ilé-iṣẹ́ náà tẹ̀ lọ́dún náà máa ń fi hàn, a sì lè fi ìlù mìíràn irú rẹ̀ wé e. Ihò tí ilé-iṣẹ́ lù máa ń mọ́ létí, ike ara ìlù sì máa ń gé ṣánṣán níbẹ̀. Ihò tí onílù fọwọ́ ara rẹ̀ lù sábà máa ń rí jákujàku létí. Ihò tí wọ́n dí máa ń hàn láti inú àní bí kò bá hàn láti ìta. Ihò tó ju ti ilé-iṣẹ́ lọ kì í fi bẹ́ẹ̀ ba ohùn jẹ́, ṣùgbọ́n ó ń gé owó ìlù lulẹ̀.

Ọ̀kan lára ohun tó ń jẹ́ kí ìbéèrè ihò ṣe pàtàkì ni béèsì ínṣì 18. Gretsch tó ní béèsì yìí láti àwọn ọdún 1960 ṣọ̀wọ́n, owó rẹ̀ sì ga, àwọn kan sì ti ń sọ tom ilẹ̀ ínṣì 18 di béèsì. Gíga rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń tú àṣírí. Béèsì ojúlówó ga ní ínṣì 14, tom ilẹ̀ sì ga ní 16. Bí wọ́n bá tilẹ̀ gé e, ihò irin ẹsẹ̀ mẹ́ta ti tom ilẹ̀ yóò ṣì wà níbìkan lábẹ́ ohun tí wọ́n fi dí i, etí tí wọ́n gé yóò sì yàtọ̀ sí èkejì.

Ike tó bo igi ni ojú kọ́kọ́ ń rí, òun náà sì ni ó rọrùn jù láti pààrọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ láyé ìgbà náà ni cellulose nitrate, ohun tó tètè ń gbiná tó sì ń yí padà bó ṣe ń pẹ́. Funfun tó ń kọ mànà bí péálì máa ń pọ́n bí eyín erin. Búlúù oníwẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ a máa yí sí àwọ̀ ewé bí oòrùn bá pẹ́ lára rẹ̀. Ike náà a máa sún kì, kó sì sán níbi bóòtù tàbí kó ṣí lójú ìpàdé. Àyípadà yìí ni olùyẹ̀wò ń wá. Bí a bá tú lug kan, ìyẹn irin kékeré tí bóòtù ń wọ̀ lára ìlù, àwọ̀ àbẹ́ rẹ̀ yẹ kó jinlẹ̀ ju ti àyíká lọ, kí àmì rẹ̀ sì bá irin náà mu láìyẹ̀. Àmì tó tóbi ju irin tó wà níbẹ̀ lọ ń sọ pé irin mìíràn ló kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀. Bí kò bá sí àmì kankan lára ìlù tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó lè jẹ́ pé inú àpótí ló ti sùn gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, àmọ́ ó ṣeé ṣe jù pé ike tuntun ni.

Báàjì fúnra rẹ̀ tún ń jẹ́rìí sí ike. Ọ̀pọ̀ báàjì ni wọ́n fi òrùka irin kékeré kan mú mọ́ ihò èémí ìlù, wọ́n sì tẹ òrùka náà pẹrẹsẹ láti inú. Kò sí bí wọ́n ṣe lè pààrọ̀ ike láìyọ báàjì, òrùka náà kì í sì í sábà yọ láìya. Òrùka tó ya, tó ní ojú ìgbá, tàbí tó mọ́ ju báàjì lọ yẹ kó mú ìfura wá.

Ohun tí wọ́n kọ sára báàjì àti nínú ìlù ṣe é lò, ṣùgbọ́n kì í dá dúró. Gretsch lo báàjì róbótó títí di nǹkan bí ọdún 1971, kí èyí tó ní igun mẹ́jọ tó dé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, wọ́n tún ń lẹ bébà kékeré kan sínú ìlù tí nọ́ńbà irú rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ludwig bẹ̀rẹ̀ sí í fi nọ́ńbà sára báàjì ní nǹkan bí ọdún 1963, ó sì yí sí báàjì aláwọ̀ búlúù àti ewé ólífì ní ọdún 1969. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ kì í tẹ̀ lé nọ́ńbà bí wọ́n ti ń mú báàjì láti inú àpótí, nítorí náà ìlù mẹ́rin tó jọ jáde lọ́jọ́ kan lè ní nọ́ńbà tó jìnnà síra. Òǹtẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n fi yíǹkì pupa tẹ̀ sínú àwọn kan ṣeé fọkàn tán ju nọ́ńbà lọ. Báàjì tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà láti fara wé ti àtijọ́ sì wà lọ́jà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: báàjì, ọ̀dà inú, iye pákó, irin àti ihò gbọ́dọ̀ jọ tọ́ka sí ọdún kan náà kí ẹ̀rí tó dúró.

Irin ni ó kàn. Níkẹ́lì tó ń tàn pẹ̀lú àwọ̀ yẹ́lò díẹ̀ ni wọ́n ń lò jù kí kúróòmù tó mọ́ roro tó gbilẹ̀ ní àárín ọ̀rúndún ogún, nítorí náà lug níkẹ́lì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti kúróòmù lára ìlù kan ṣoṣo kò bójú mu. Rímù tó di awọ mú náà ní ìtàn. Ti Gretsch nípọn, ó sì wúwo, inú mọ́ọ̀dù ni wọ́n da á sí; ọ̀pọ̀ ti Slingerland jẹ́ idẹ tí etí rẹ̀ tẹ̀ sínú kó má baà fọ́ igi ìlùlù. Òòfà kékeré kì í mú idẹ, ó sì ń mú irin, nítorí náà ìṣẹ́jú kan ti tó láti mọ rímù tí wọ́n fi rọ́pò. Ìpẹtà orí kúróòmù lásán ṣeé nù. Kúróòmù tó ti hó kúrò, tàbí lug tó ti là, kò ṣeé nù. Lug idẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí Rogers ń lò kí ó tó yí sí oríṣi mìíràn ní àárín àwọn ọdún 1960 ni wọ́n mọ̀ jù fún lílà, ó sì yẹ ká wo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Snare nílò àyẹ̀wò tirẹ̀ nítorí ohun tó ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ pọ̀. Wáyà ìdí rẹ̀ lè jẹ́ tuntun, kò burú. Òun àti awọ ni a máa ń pààrọ̀ bí wọ́n bá ti gbó. Ṣùgbọ́n irin tí a fi ń so wáyà mọ́ awọ tàbí tí a fi ń tú u gbọ́dọ̀ bá ihò tó wà níbẹ̀ mu. Etí ìsàlẹ̀ ìlù yẹ kó ní ibi méjì tó rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ tí wáyà ń gbà kọjá. Bí wọ́n bá ti gé etí náà, ó lè ti parẹ́. Snare Supraphonic ti Ludwig, ọ̀kan lára èyí tí wọ́n lò jù nínú ìtàn gbígba orin sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú idẹ abẹ́ kúróòmù, kó tó di alumíníọ̀mù ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ti alumíníọ̀mù fúyẹ́, kúróòmù rẹ̀ sì máa ń hó pẹ̀lú ihò wínníwínní, ohun tó wọ́pọ̀ débi pé kò yẹ kó dẹ́rù ba olùrà. Ti idẹ wúwo jù, àwọ̀ pípọ́n sì ń yọ ní etí ihò tí wọ́n lù sí i.

Bí ìlù kọ̀ọ̀kan bá ti yege, ìbéèrè tó kù ni bóyá wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ìlù tí wọ́n ń tà lónìí ni ẹnì kan kó jọ láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Òǹtẹ̀ ọjọ́ wọn yẹ kó wà láàárín oṣù mélòó kan síra. Ike wọn yẹ kó ti pọ́n bákan náà, kí àwọn ilà ara rẹ̀ sì jọra. Lug wọn yẹ kó jẹ́ irú kan. Àyè kan wà fún ìyàtọ̀: ilé-iṣẹ́ máa ń gba iṣẹ́ àkànṣe, nítorí náà àwọ̀ tàbí ìwọ̀n tí kò sí nínú ìwé ìpolówó ọjà kì í ṣe ẹ̀rí ayédèrú bí gbogbo àmì yòókù bá bára mu.

Kíńbálì kì í sábà wá pẹ̀lú ìlù láti ilé-iṣẹ́ kan, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń tà wọ́n pọ̀. K Zildjian tí wọ́n fi òòlù lù lọ́wọ́ ní Istanbul ni àwọn onílù jáàsì ń wá jù. Gretsch ló ń kó o wọ Amẹ́ríkà. A Zildjian ni Avedis Zildjian bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Quincy, Massachusetts, ní ọdún 1929. A ó wo òǹtẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlera rẹ̀ ló ṣe kókó jù, nítorí kíńbálì tó ti là máa ń là sí i. A ó fi èékánná tọ etí rẹ̀ kiri, a ó wo àárín ihò rẹ̀ bóyá irin ti jẹ ẹ́ di gígùn, a ó sì gbé e kọ́ ká gbọ́ bóyá ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ihò kéékèèké lára rẹ̀ lè má jẹ́ àbùkù: onílù jáàsì máa ń fi èékàn irin sínú rẹ̀ kó lè máa dún ṣíṣì-ṣíṣì. Kíńbálì tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ dán títí tí ilà ara rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ti pàdánù ohùn àti owó.

Ìdájọ́ ìkẹyìn ń to àbùkù ní ìtẹ̀léra. Awọ, wáyà, rọ́bà ẹsẹ̀ àti bóòtù kì í ba ìlù jẹ́, nítorí a bí wọn láti gbó. Lug tàbí rímù tí wọ́n pààrọ̀ dín owó kù díẹ̀, wọ́n sì ṣeé wá padà. Ihò tuntun, ike tuntun, etí tí wọ́n tún gé àti igi tí wọ́n gé kúrú ni àbùkù tó dúró títí láé. Ìlù tó ní irú àbùkù bẹ́ẹ̀ ṣì lè dára fún ẹni tó fẹ́ lù ú, bí igi rẹ̀ bá le, bí iye tí wọ́n pè é bá sì jẹ́ ti ìlù tí wọ́n ti tún ṣe, kì í ṣe ti ojúlówó.

Ìtọ́jú lẹ́yìn rírà gba sùúrù ju agbára lọ. Aṣọ tútù díẹ̀ àti ọṣẹ tí kò le ti tó fún ike. Acetone a máa yọ́ ọ, iná sì máa ń jó o kíákíá. A kì í tún inú kùn, a kì í sì í fi yánpépà ha a. Irin tí a bá pààrọ̀, a ó kó ti àtijọ́ sínú àpò kan pẹ̀lú ìlù náà. A ó sì kọ ohun tó jẹ́ ojúlówó àti ohun tí a pààrọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àwòrán inú ìlù kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà má baà ka àtúnṣe wa sí iṣẹ́ ilé-iṣẹ́.